Imú Bíṣọ́ọ̀bù Filagríù

Kọnsitantinópù, ọjọ́ kẹta oṣù Daísíù

Sí Ìyá mi àgbà, Basiánà, ní òpópónà àwọn alágbàfọ̀, Áńtíókù.

Ẹ kú ilé, Ìyá àgbà. Ẹ kú ooru, ẹ sì kú ẹsẹ̀ tó ń dùn yín. Èmi Senóbíù, ọmọ ọmọ yín, wà láàyè. Mo ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa ń sè. Ẹ bi mí léèrè bóyá mo ti di ènìyàn ńlá ní ìlú Késárì. Ìyá, ìtọ̀ kíkan tí a fi ń bó aṣọ, tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú àwo ńlá ìfọṣọ ní Áńtíókù, òun náà ni mo ń tẹ̀ níbí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìtọ̀ àwọn ìjòyè ni.

Ẹ ó ti gbọ́ pé Bíṣọ́ọ̀bù Filagríù ti Áńtíókù ti kú. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló bá wá síhìn-ín, ni ibà bá mú un. Mo mọ̀ pé inú yín kò dùn sí i láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ èyí tó kù.

Ilé iṣẹ́ wa ni wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó wá kó aṣọ ilé tó kú sí, èmi ni ọ̀gá mi sì rán. Nígbà tí mo débẹ̀, èrò ti dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń gé aṣọ ibùsùn rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, oníkálukú ń fi tirẹ̀ kan ojú, wọ́n ń so ó mọ́ ọrùn ọmọ. Díákónì kan gbọ́ ohùn mi, ó mọ̀ pé ará Áńtíókù ni mí, ó sì ki odidi aṣọ ọ̀gbọ̀ kan bọ̀ mí lápá. Òun ni wọ́n fi bo ojú bíṣọ́ọ̀bù nígbà tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀. Òógùn rẹ̀ wà níbẹ̀, òróró tí wọ́n fi kùn ún wà níbẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sójú oòrùn, ẹ ó rí imú rẹ̀ láàárín, gbangba, bí ẹni tẹ̀ ẹ́ sínú ìda.

Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Kiriákù tó ń fín àwòrán sára òrùka ti búra pé òun kò ní fi Prosdókà ọmọ òun fún ilé obìnrin tó sọ aṣọ tútù lu bíṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó ní irú aṣọ yìí ní gbogbo Áńtíókù. Ẹ bá mi gbé e lọ fún un. Bó bá rí i, inú rẹ̀ yóò rọ̀. Bí inú rẹ̀ kò bá rọ̀, mo kú síbí nìyẹn, kí ẹ fi mí sílẹ̀ fún ìtọ̀ àwọn ìjòyè.

Nítorí pé àwọn olè ń já irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbà lójú ọ̀nà, mo dì í sáàárín àwọn aṣọ ìdọ̀tí mi, mo sì gbé ẹrù náà fún oníbaaka kan. Ta ló máa jí aṣọ ìdọ̀tí? Lẹ́tà yìí ni mo fi rán díákónì tó ń gbé òkú bíṣọ́ọ̀bù bọ̀ wálé, torí ẹṣin ìjọba ni wọ́n ń lò. Lẹ́tà á ti dé ọwọ́ yín kí oníbaaka tó wọ̀lú. Mo ti ro gbogbo rẹ̀.

Ìyá àgbà, mo mọ ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́.

Ọmọ ọmọ yín tó ń dọ̀bálẹ̀ láti òkèèrè,
Senóbíù.

*

Áńtíókù, ọjọ́ kẹjọ oṣù Pánẹ́mù

Sí Senóbíù ọkọ mi, ní Kọnsitantinópù.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Mo sọ ọ́ ṣáájú ìkíni kí o má baà rò pé mo háyà akọ̀wé. Àlàáfíà kó wà pẹ̀lú rẹ. Díákónì obìnrin wa, Sabínà, tó ń kọ́ àwa opó ní ìwé, ní ọ̀rọ̀ mi ti ń dúró lórí ìlà láìṣubú báyìí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí o. Opó mẹ́sàn-án ni wá nínú kíláàsì, mẹ́jọ nínú wọn ń kọ̀wé bí adìyẹ tó ń tan ilẹ̀. Ìgbéraga kò dára, nítorí náà n ò ní dárúkọ ẹnì kẹsàn-án.

Ìwọ ńkọ́, o ò lè kọ ìlà kan ṣoṣo? Oníbaaka dé ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ju ẹrù kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Ayọ̀ mi kún. Mo tú u, mo ń wá lẹ́tà, mo gbọn ẹ̀wù kan, mo gbọn ìkejì. Aṣọ ìdọ̀tí ni látòkè délẹ̀. Senóbíù, o rin ìrìn oṣù kan lọ fọṣọ fún àwọn ìjòyè Késárì, o wá kó tìrẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ àgbà pé kó bá ọ fọ̀ ọ́. Mo sọ fún àwọn ará òpópónà pé ẹ̀bùn lo fi ránṣẹ́. Orí okùn tí mo sá wọn sí ni wọ́n ti rí ẹ̀bùn náà.

Mo fọ gbogbo rẹ̀ ṣá. Èyí tó burú jù ni aṣọ ìnujú kan. Kí lo fi í nù? Òróró ni, òógùn ni, àbàwọ́n kan sì wà láàárín tó dà bí imú ènìyàn. Mo ní ọmọ yìí ti di ọ̀mùtí, ó ń dojú délẹ̀ sùn. Mo rẹ ẹ́ sínú ìtọ̀ kíkan fún odidi ọjọ́ kan, mo fi amọ̀ funfun pa á lára, mo tẹ̀ ẹ́ títí orúnkún mi fi bẹ̀bẹ̀, mo sì nà án sórí èéfín imí-ọjọ́. Imú yẹn bá mi jà. Èmi náà bá a jà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá a padà sínú àwo kó tó gbà pé alágbàfọ̀ ni mí. Ní báyìí ó funfun bí eyín ọmọge. Wàrà ni mo ń fi í sẹ́. Ó ń sẹ́ ẹ dáadáa.

Ìlú wa ti ya wèrè látìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé Filagríù kú. Àwọn àgbà ní bí a bá kú là á dère, ènìyàn kì í sunwọ̀n láàyè. Ọmọ méje ni wọ́n ti yí orúkọ wọn sí Filagríù ní òpópónà wa nìkan. Bí ìyá kan bá yọjú lójú fèrèsé tó pe ọmọ rẹ̀, ẹni méje á dáhùn, ajá oníbúrẹ́dì á sì tẹ̀ lé wọn. Kiriákù kò rí ọwọ́ fi họ ara: wọ́n fẹ́ ojú bíṣọ́ọ̀bù lára òrùka, wọ́n fẹ́ ẹ lára ife, wọ́n fẹ́ ẹ lára ògiri yàrá ibi tí wọ́n ń sùn. Mo wo ọ̀kan. Imú rẹ̀ rí bí ọ̀pọ̀tọ́ tó ti rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, Kiriákù sì rí mi.

Nípa ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, mo ti bá ọ dé ibẹ̀, ó sì ti lé mi. Ó ní òun kò ní bá ẹni tó sọ aṣọ lu ẹni mímọ́ dána. Ìwọ náà mọ ìtàn yẹn, mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ní etí láti ọdún mẹ́rìndínlógún wá: bí àwọn ọmọ ogun ṣe ń mú un gba òpópónà wa lọ sí ìgbèkùn, bí mo ṣe fa aṣọ tútù yọ látinú àwo ìtọ̀ tí mo sì sọ ọ́ lù ú lójú, bó ṣe tẹrí ba tó sá lọ bí ajá tí wọ́n da omi sí lára. Nítorí kí ni? Nítorí pé àwọn tó sọ pé Ọmọ Ọlọ́run kò bá Baba dọ́gba ló gbé ọwọ́ lé e lórí tó fi di bíṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ ni pé ẹ̀kọ́ tó tọ́ ló padà ń kọ́ni, tí wọ́n sì lé e kúrò nílùú nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ ni mí: aṣọ tí wọ́n fi omi ìdọ̀tí ṣan, aṣọ ìdọ̀tí ló ṣì jẹ́. Ohun tí ìjọ kékeré wa ti ń sọ nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́ di ẹni mímọ́? Ká ní mo mọ̀ ni, aṣọ gbígbẹ ni ǹ bá sọ.

Má banú jẹ́ nítorí Prosdókà. Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Á tẹ aṣọ dáadáa.

Fi ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ ránṣẹ́. Kí o sì kọ lẹ́tà pẹ̀lú.

Ìyá rẹ àgbà tó mọ̀wé,
Basiánà.

*

Kọnsitantinópù, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Pánẹ́mù

Ìyá mi àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

N ò tíì gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ yín. Ṣé aṣọ náà dé? Ṣé ẹ ti gbé e fún Kiriákù? Kí ló sọ? Ọkùnrin kan láti Áńtíókù wá ra ọ̀dà níbí. Ó sọ fún mi pé oníbúrẹ́dì òpópónà wa ti ń rán ènìyàn lọ sọ́dọ̀ Kiriákù nítorí ọmọkùnrin rẹ̀, èyí tó ń fi imú sọ̀rọ̀, àti pé Prosdókà ń sunkún. N ò sùn dáadáa mọ́. Aṣọ ìjòyè kan ni mo fọ̀ lánàá tí mo fi elésè àlùkò pa pọ̀ mọ́ funfun. Ní báyìí ìjòyè náà ní ẹ̀wù mẹ́fà tó dà bí ojú ẹni tí wọ́n lù.

Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí mo ní láyé ti wà lọ́wọ́ yín.

Senóbíù.

*

Áńtíókù, ọjọ́ kẹwàá oṣù Lóù

Ọkọ mi Senóbíù,

Bí o bá ń dúró, jókòó. Bí o bá wà nínú àwo ìfọṣọ, jáde kúrò nínú rẹ̀.

Òkú bíṣọ́ọ̀bù wọ̀lú ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí. Ẹṣin ìjọba ni wọ́n lò lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú tí wọ́n gbà kọjá ló dá wọn dúró pé kí àwọn kọ sáàmù sí i lórí. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n lò lójú ọ̀nà. Gbogbo Áńtíókù jáde lọ pàdé rẹ̀ tàwọn ti àtùpà. Èmi jókòó sílé nítorí ìlànà ìjọ wa. Ẹsẹ̀ mi sì tún ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kejì, a wà ní kíláàsì, díákónì arìnrìn-àjò kan sì wọlé, ó ń béèrè Basiánà alágbàfọ̀. Ó mú lẹ́tà rẹ jáde. Ó ní bóyá kí òun kà á fún mi. Mo wo Sabínà, mo wo àwọn opó mẹ́jọ, mo ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Níbí, àwọn obìnrin ló ń kàwé."

Mo dìde, mo tún ìborùn mi ṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi ìtọ̀ àwọn ìjòyè. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti sọ pé aṣọ tí wọ́n fi bo ojú bíṣọ́ọ̀bù ti ń bọ̀ wá sílé mi, gbogbo wọn na ọrùn sí mi. Ohùn mi ròkè sí i. Mo ka imú tó hàn bí ẹni tẹ̀ ẹ́ sínú ìda, ìyẹn nìkan sì yẹ kó ti fi òye yé mi, ṣùgbọ́n kíkà ni mo ń kà, n ò tíì gbọ́ ohun tí mo ń kà. Mo ka oníbaaka. Mo ka aṣọ ìdọ̀tí. Mo wá fojú kan ìlà tó kẹ́yìn, mo sì dákẹ́.

Opó Rúfínà tó ń jókòó lẹ́yìn mi ní, "Ka èyí tó kù."

Mo ní, "Ó ní kí n kí yín."

"Odidi ìlà kan ló fi kí wa?"

"Ọmọ tí mo tọ́ ni. Ó mọ ènìyàn kí."

Mo ká lẹ́tà náà, mo sì rìn wálé láìrántí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Aṣọ náà wà lórí ìkọ́ níbi tí mo fi í sí láàárọ̀. Ẹni mímọ́ Filagríù ń kán omi wàrà sínú abọ́ mi.

Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Èmi kò kàn fọ̀ ọ́, ọkọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ̀ ọ́. Kò sí aṣọ tí mo fọ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, mo sì ti fi í yangàn fún ẹni mẹ́ta.

Kò tíì tán. Kí oòrùn tó wọ̀, Rúfínà àtàwọn yòókù ti mú ọ̀rọ̀ aṣọ náà dé gbogbo òpópónà. Kiriákù ti dá ìránṣẹ́ oníbúrẹ́dì dúró. Ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ń retí mi, ìgbàkígbà tó bá rọ̀ mí lọ́rùn, àti pé òun ti ra àtùpà tuntun. Prosdókà gba ẹ̀yìnkùlé wá, ó sì di ẹsẹ̀ mi mú. Mo ti ń sọ fún wọn láti ọjọ́ mẹ́fà báyìí pé ara mi kò yá.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni aṣọ tí mo fọ̀ yẹn àfi èmi, ìwọ, àti wàrà. Bí mo bá sọ òótọ́, èmi ni ojú máa tì, ìyẹn sì ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ ló máa bá a lọ. Kí ni kí n ṣe?

Basiánà, tí ì bá sàn fún kó má mọ̀wé.

*

Kọnsitantinópù, ọjọ́ kejìlá oṣù Gọpíéù

Ìyá àgbà,

Lẹ́tà yín méjèèjì dé lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí ẹ ti ń fi aṣọ náà sẹ́ wàrà ni mo kọ́kọ́ kà. Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi fà mí jáde nínú àwo. Lẹ́yìn náà mo sunkún, wọ́n sì dá mi padà síbẹ̀.

N ò bínú sí yín. Èmi tí mo sọ pé mo ti ro gbogbo rẹ̀, mo di aṣọ tí kò gbọdọ̀ kan omi sínú ẹrù aṣọ ìdọ̀tí, mo sì fi ránṣẹ́ sí alágbàfọ̀. Bí ẹni gbé ọ̀dọ́ àgùntàn pamọ́ sílé ìkookò ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rò. Ẹ wá òróró díẹ̀, ẹ fi kùn ún. Ẹ fi aṣọ náà bo ojú ara yín lọ́sàn-án nígbà tí ooru bá mú, kí ẹ sì làágùn sí i. Imú á yọ. Imú yín àti imú rẹ̀, ta ló máa mọ̀? Aṣọ náà ṣì ni, Ìyá. A kàn dá a padà sí bó ṣe wà ni. Ẹ bá mi ṣe é. N ò tíì tọrọ irú nǹkan yìí lọ́wọ́ yín rí, n ò sì ní tọrọ ẹ̀ mọ́.

Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ má sọ fún mi. Ẹ kàn sọ fún mi pé Prosdókà ti fẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì.

Senóbíù.

*

Áńtíókù, ogúnjọ́ oṣù Díù

Ọkọ mi, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́,

Mo kí ọ. Mo jẹ́ kí lẹ́tà yìí pẹ́ nítorí pé mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí kí n tó kọ ọ́.

Mo ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Má jẹ́ kí wọ́n sọ pé mo kọ̀. Mo fi òróró kùn ún, mo dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán gangan, mo fi aṣọ bo ojú, mo sì làágùn bí ẹṣin. Nígbà tí mo ṣí i, imú ti yọ lóòótọ́. Imú mi ni: pẹlẹbẹ, ó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí búrẹ́dì tí kò wú. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fi aṣọ funfun wé e, mo sì gbé e lọ.

Senóbíù, ọkùnrin yẹn ti gbá ilẹ̀. Ó ti wẹ̀. Ó ti kó gbogbo ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó sì tan àtùpà tuntun lọ́sàn-án gangan. Prosdókà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Kiriákù kò wò mí bí ẹni tó sọ aṣọ lu ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Ìyá." Mo tú aṣọ náà sílẹ̀. Ó rí imú. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó kúnlẹ̀, o sì mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe tóbi tó, tábìlì mì. Ó tẹ orí síwájú láti fi ẹnu kò ó.

Mo ti gbèrò láti dákẹ́. Ẹnu mi ló kọ̀ fún mi.

Mo ní, "Kiriákù, dìde. Imú mi nìyẹn."

Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan aṣọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹrù, oníbaaka, ẹ̀ẹ̀mẹrin, wàrà. N ò sọ pé ìwọ lo ní kí n fi bojú. Mo ní èmi ni mo rò ó, nítorí èjìká mi ti gbà á tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ẹ fọ̀ ọ́."

Mo ní, "Mo fọ̀ ọ́."

"Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

"Ìtọ̀, amọ̀, àti imí-ọjọ́."

Ó dìde díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé yóò lé mi. Ó kàn wò mí bí ẹni tó rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, nígbà àkọ́kọ́ ẹ sọ aṣọ lù ú lójú. Nígbà kejì ẹ fọ ojú rẹ̀ dànù. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe fún yín?"

Ìbéèrè yẹn ni kò sẹ́ni tó bi mí rí láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ sáré tó ogún. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo sì sọ ohun tí n kò sọ fún ọ, tí n kò sọ fún Sabínà, tí n kò sọ nínú àdúrà pàápàá.

Bíṣọ́ọ̀bù Filagríù kò sá, Senóbíù. Aṣọ bà á ní imú, ìtọ̀ ń kán sí irùngbọ̀n rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun rẹ́rìn-ín. Ó bó aṣọ náà kúrò lójú, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó ká a sí mẹ́rin, ó rìn wá sọ́dọ̀ mi, ó sì gbé e lé orí igi ìsáṣọ mi. Ó ní, "Ìyá, aṣọ oníbàárà nìyí. Ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́ nítorí mi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í lọ. Aṣọ oníbàárà sì ni lóòótọ́. Mo tún un fọ̀, mo sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ pé ó sá, nítorí pé bí kò bá sá, èmi ni ó yẹ kí n sá.

Mo sọ̀rọ̀ tán. Prosdókà ń fi ìborùn nu ojú. Kiriákù na ọwọ́, ó mú òrùka kan lórí pẹpẹ, ọ̀kan lára àwọn tó ti fín.

Ó ní, "Báwo lẹ ṣe sún mọ́ ọn tó?"

Mo ní, "Bí mo ṣe sún mọ́ ọ yìí."

"Èmi kò sún mọ́ ọn rí. Apaméà ni mo ti wá, ẹ̀yìn èrò ni mo máa ń wà. Mo kàn ń fín ohun tí mo rò." Ó gbé òrùka náà sí mi lọ́wọ́. "Ṣé bí imú rẹ̀ ṣe rí nìyí?"

Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀tọ́ nìyí. Imú rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ díẹ̀ sí òsì, àpá kékeré kan sì wà lókè rẹ̀ níbi tí irun ojú ti pàdé. Ẹni tó bá fẹ́ sọ nǹkan lu ènìyàn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó dáadáa."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó nílé yẹn. Ó ń fín, ó ń pa á rẹ́, èmi ń sọ pé ó ti gùn jù, ó ti kúrú jù, tún àpá yẹn ṣe. Ní gbogbo Áńtíókù, kò sẹ́ni tó rántí imú ẹni mímọ́ tó ẹni tó fojú sùn ún. Prosdókà ń gbé ólífì àti búrẹ́dì fún wa. Ní ọjọ́ kẹta Kiriákù gbé orí sókè, ó ní, "Ọmọ yín tó wà ní ìlú Késárì yẹn, ṣé ó mọ aṣọ fọ̀ bíi tiyín?"

Mo ní, "Kò mọ̀ ọ́n tó mi."

Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Kó máa bọ̀ kí ìkórè ólífì tó parí."

Prosdókà ju abọ́ ólífì sílẹ̀. A ṣì ń ṣà á.

Èyí tó kù kò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ kí ojú má baà tì ọ́ nígbà tí o bá dé. Ọ̀rọ̀ náà jáde. Mo rò pé wọ́n á sọ mí lókùúta. Àwọn ará òpópónà wá bi mí pé níbo ni mo da omi tí mo fi fọ̀ ọ́ sí. Mo ní ẹ̀yìnkùlé, níbi ebè àlùbọ́sà. Senóbíù, kí n tó padà láti ìdí kànga, wọ́n ti wú àlùbọ́sà mi tán. Lẹ́yìn náà wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀. Ihò tó wà níbẹ̀ báyìí gba màlúù. Rúfínà jẹ àlùbọ́sà méjì ní tútù, ó ní orúnkún òun ti san. Orúnkún tèmi, èmi tí mo tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣì ń dùn mí. Mo bi Sabínà ìdí rẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀ síwájú nínú sáàmù.

Àwọn ará ìjọ wa ní kí n yan ọ̀kan, àwọn tàbí àwọn ará Filagríù. Mo ní mo ti dàgbà, ibi tó bá sún mọ́ ni mo lè rìn dé. Ibi ibojì rẹ̀ ló jìnnà jù, mo sì ti dé ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. N ò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kàn sọ fún un pé oníbàárà gba aṣọ rẹ̀, kò sì bàjẹ́.

Aṣọ rẹ ti wà lọ́wọ́ Kiriákù báyìí. Mo fọ imú mi kúrò lára rẹ̀ kí n tó fún un. Ó ní kí n fi sílẹ̀ bó ṣe funfun, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kùn ún ní nǹkan kan.

Òrùka tó wà nínú àpò yìí ni Kiriákù fi ránṣẹ́ sí ọ. Fi í sọ́wọ́. Gbé e sójú oòrùn, kí o wo imú náà dáadáa. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Kó aṣọ ìdọ̀tí rẹ bọ̀. Èmi ni n ó fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí n kò bá gbọdọ̀ fọ̀, fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà, kí n tó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ.

Ìyá rẹ àgbà,
Basiánà alágbàfọ̀.